Òróró Tí Wọ́n Pè Ní Òróró Ikú

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé jẹjẹrẹ ọyàn ló ń ṣe yín, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá tún wá jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà bíi tèmi, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, torí inú ń bí mi, mi ò sì ní fi bò. Àìsàn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi, òótọ́ ni. Àmọ́ àìmọ̀kan àwọn tó fẹ́ràn mi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi, pẹ̀lú àìmọ̀kan èmi alára, èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní katikísímù láti ìgbà tí mo ti wà ní omidan.

Ìyá Mọ́níkà ni wọ́n ń pè mí ní Ilare ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n bí mi sí, tí mo sì ń gbé títí di òní. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ọmọ Modakeke ni ọkọ mi, káfíńtà ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ kò sí nínú ìjọ wa, wọn ò sì bá mi jà rí nítorí ìyẹn, àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Màmá Ṣẹ́gun. Ìjọ orí òkè kan ni Màmá Ṣẹ́gun ń lọ. Kò sí ìgbà tí wọ́n wọ pálọ̀ mi tí wọn kì í kọ́kọ́ fojú burúkú wo ère Màríà Wúńdíá tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n tó wá kí mi.

Ilé ìwẹ̀ ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń múra iṣẹ́, tí ọwọ́ mi fi kan kókó kan nínú ọyàn mi ọ̀tún. Kò ju ẹ̀pà lọ. Kò dùn mí. Ẹ gbọ́ o, kò dùn mí rárá, ohun tó sì tàn mí jẹ nìyẹn. Mo ní bóyá ooru ni, bóyá ọjọ́ orí ni, bóyá ibi tí mo ti ń gbé báfù omi ló ti gbá mi. Mò ń fi róòbù pa á. Nígbà tó di oṣù kejì, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án. Bí mo bá parí ọ̀kan, màá tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Oṣù márùn-ún gbáko! Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀: ẹ̀yìn àdúrà ni mo fara pamọ́ sí, torí kí n má bàa rí dókítà. Kò sí Fadá tó kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ìjọ wa ti ń kọ́ ilé ìwòsàn káàkiri kí wọ́n tó bí mi, Sísítà ló gbẹ̀bí ìyá mi nígbà tí wọ́n bí mi. Ta ló wá sọ fún mi pé ẹni tó gbàdúrà kò gbọdọ̀ lọ sọ́sibítù? Èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi.

Ìgbà tí awọ ọyàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, tó rí bí èèpo ọsàn, tí orí ọmú wá ń wọlé sínú, ni mo tó fi han ọkọ mi. Ó wò ó, ó jágbe mọ́ mi: "Ìyá Mọ́níkà! Látìgbà wo? Ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ọjọ́ kejì la gba ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ìlà tí a tò lọ́jọ́ náà, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Aago mẹ́fà ìdájí la ti débẹ̀, síbẹ̀ nọ́ńbà méjìlélógójì ni wọ́n fún mi. Obìnrin ló kún orí bẹ́ǹṣì, kálukú fi ìborùn bo àyà, kò sẹ́ni tó ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó jókòó tì mí ní orí fífọ́ lòun bá wá. Èmi náà ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Orí fífọ́ àti ẹ̀yìn dídùn, lẹ́nu ọ̀nà dókítà ọyàn! Ìtìjú yìí ń pa wá, ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi. Oòrùn ti yí sí ìwọ̀ oòrùn kí wọ́n tó pè mí wọlé.

Wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dókítà obìnrin kan tó lè jẹ́ àbúrò mi pe èmi àti ọkọ mi. Ó ní, "Mà, jẹjẹrẹ ni. Àmọ́ ohun tí a lè bá jà ni, bí ẹ bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú wa." Mi ò gbọ́ ìyókù, ọkọ mi ló bá mi gbọ́ ọ. Wọ́n á kọ́kọ́ máa fa oògùn sí mi lára láti inú dírípù fún oṣù mẹ́rin kí kókó náà lè kéré sí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé ọyàn náà kúrò.

Ojú mi rí màbo lọ́wọ́ oògùn yẹn. Irun orí mi re tán, èékánná mi dúdú, omi lásán ń dà bí irin lẹ́nu mi. Owó rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ọkọ mi ta ẹ̀rọ tó fi ń fá pákó, ó padà sí fífi ọwọ́ fá a. Kò ráhùn sí mi létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ rántí ìyẹn bí ẹ bá dé ibi tí mo ti máa bú u.

Àárín wàhálà yìí ni Màmá Ṣẹ́gun wọlé dé lọ́sàn-án Sátidé kan, pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù omi láti orí òkè. Wọn ò tí ì kí mi tán tí wọ́n fi nawọ́ sí ère.

"Ìyàwó, wòlíì ti ríran. Ère yìí ló ń jẹ ẹ́ lọ́yàn. Fọ́ ọ, jó ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà yẹn, kó o bá mi lọ sórí òkè fún ogójì ọjọ́. Pa ti ọsibítù tì."

"Màmá Ṣẹ́gun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná," ni mo dá wọn lóhùn. "Fọ́tò ìyá yín tó wà ní pálọ̀ yín, tí ẹ máa ń nù láràárọ̀, ṣé ẹ ń bọ ọ́ ni?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Ọ̀nà wo ló gbà yàtọ̀? Ẹ ń wò ó, ẹ ń rántí ìyá yín. Èmi náà ń wo èyí, mò ń rántí ìyá Olúwa mi. Amọ̀ ni. Mo mọ̀ pé amọ̀ ni, èmi ni mo fowó mi rà á."

"Ẹ sì ń gbàdúrà sí i!"

"À ń bẹ Màríà pé kó bá wa gbàdúrà ni. Ẹ̀yin náà ti ní kí wòlíì yín bá mi gbàdúrà. Ṣé ẹ ti sọ wòlíì di Ọlọ́run nìyẹn?"

Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní ẹnu tí mo ní ni kò jẹ́ kí ara mi yá. Láti ọjọ́ yẹn lọ, láràárọ̀ ni wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ìran wòlíì kan lé òmíràn. Ohun tó ká mi lára jù kọ́ ni ọ̀rọ̀ ère. Ó ká mi lára pé obìnrin tí irun orí rẹ̀ ti re, tó ń bì lójoojúmọ́, ẹ tún wá ń sọ fún un pé òun ló fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ fa àìsàn sọ́rùn ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ aláìsàn wò, nítorí Ọlọ́run, ẹ máa pa ẹnu yín mọ́! Jésù tí gbogbo wa jọ ń pè kò dẹ́ṣẹ̀, ó sì jìyà dójú ikú. Àìsàn kì í ṣe ìwé ẹ̀rí pé èèyàn burú.

Fadá wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọn ò tí ì pé ogójì ọdún, wá kí mi nílé lẹ́yìn oògùn kẹta. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi òróró àwọn aláìsàn yàn mí. Mo ní, "Fadá, ó tì o, kò tí ì dé ibẹ̀ yẹn." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí wàhálà. Lóṣù kejì wọ́n tún wá. Mo ní kí ọkọ mi sọ fún wọn pé mò ń sùn.

Ẹ mọ ohun tó fà á? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí a bá ti rí Fadá òyìnbó tó gbé àpò òróró kékeré dání, tó yà sí ilé kan ní Ilare, a ti mọ̀ pé ó parí fún onílé nìyẹn. Kò ní pẹ́ tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì á fi dún. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà. Èmi tí mò ń kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ pé òróró yìí wà fún ẹnikẹ́ni tí àìsàn líle bá ń ṣe, kí Ọlọ́run fún un lágbára, kó tù ú nínú, kó dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì í, kó sì wò ó sàn bó bá wù ú! Ó wà nínú Ìwé Mímọ́ pé kí aláìsàn ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n fi òróró pa á lára. Aláìsàn ni wọ́n pè é níbẹ̀, wọn ò pè é ní òkú. Mò ń kọ́ ọ, mò ń fún àwọn ọmọ ní máàkì lé e lórí, èmi fúnra mi ò gbà á gbọ́. Ẹ ò rí olùkọ́ burúkú?

Ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n dá mi dúró sí wọ́ọ̀dù. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni iṣẹ́ abẹ. Dókítà ní kí èèyàn méjì wá fún mi lẹ́jẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé yẹn tó ṣú, pé láìsí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, òun ò ní fọwọ́ kàn mí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọkọ mi lẹ́nu, wọn ò lè gba tiẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ìyàwó ilé ni mí, mi ò lè pe orúkọ rẹ̀, Akọ̀wé ni mò ń pè é. Ó ní òun àti ọmọ òun àgbà á dé ní aago mẹ́ta.

Nígbà tó di bí aago mọ́kànlá, Fadá wọlé, wọ́n dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi.

"Ìyá Mọ́níkà, ẹ ti lé mi lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé kí n tún máa lọ?"

Ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí. Mo ní, "Fadá, ṣé kì í ṣe pé mo fẹ́ kú báyìí?"

"Bó bá jẹ́ pé ẹ ń lọ ni, Ara Olúwa ni màá gbé wá fún yín, kó jẹ́ oúnjẹ ìrìn àjò yín. Òróró yìí, ti ẹni tó ń ṣàìsàn ni. Dókítà á ṣe tiẹ̀ lọ́la, ẹ jẹ́ kí n ṣe tèmi lónìí."

Mo gbà. Wọ́n fi òróró kàn mí níwájú orí àti ní àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, wọ́n gbàdúrà. Omi ń dà lójú mi. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ẹ̀rù tán lára mi. Ẹ̀rù wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe èmi nìkan ni mo dá a gbé mọ́.

Ibẹ̀ la wà tí Màmá Ṣẹ́gun fi wọlé pẹ̀lú kúlà oúnjẹ. Wọ́n rí Fadá pẹ̀lú aṣọ gígùn lọ́rùn, wọ́n rí òróró níwájú orí mi, wọ́n rí omi lójú mi. Wọ́n gbé kúlà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n yí padà. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan! Ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá ti tó.

Aago mẹ́ta lù, mi ò rí Akọ̀wé. Aago mẹ́rin lù, mi ò rí i. Nọ́ọ̀sì ti béèrè ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù, kò gbé e. Aago márùn-ún ti kọjá kó tó wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n, ó mú báàgì òfìfo dání, àbúrò bàbá rẹ̀ kan tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ mi.

"Bàbá Mọ́níkà, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Kò lè wojú mi. "À ń lọ sílé. Wọ́n ti sọ fún mi. Má dààmú ara ẹ."

"Kí ni wọ́n sọ?"

Bàbá àgbà náà ló dáhùn. "Ìyàwó, Fadá yín ti wá ta òróró sí ẹ lórí. Bí wọ́n bá ti gbà pé ó ti parí, kí la tún ń fún dókítà lẹ́jẹ̀ sí? Kí wọ́n má lọ gé ẹ sí wẹ́wẹ́. Kó o wà láàárín àwọn èèyàn ẹ ló dáa."

Alhaja kan wà ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tèmi, ìyá àgbà tí wọ́n wá láti Modakeke náà. Àwọn ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, Mùsùlùmí ni mí, mi ò mọ nǹkan kan nípa Fadá. Àmọ́ obìnrin yìí jẹ mọ́ínmọ́ín méjì láàárọ̀, ó tún bá mi jẹ nínú tèmi. Ṣé òkú ló ń jẹ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀rín ò pa mí. Mo figbe ta. Ẹnu Ifẹ̀ tí mi kì í sọ níta ló ń jáde lẹ́nu mi. Mo bú ọkọ mi, mo bú bàbá àgbà, mi ò wo ewú orí wọn. Mo ní, "Bàbá Mọ́níkà, ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lẹ ti ń bá mi lọ sí Mísà nígbà Kérésì àti Àjíǹde, kí lẹ̀ ń gbọ́ níbẹ̀? Kí lẹ̀ ń gbọ́?" Wọ́n sáré pe Fadá padà. Fadá ṣàlàyé, dókítà náà ṣàlàyé. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín wọ́ọ̀dù pé kí n dárí ji òun. Àmọ́ wọ́n ti ti ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Akọ̀wé wà ní Modakeke, òun àti àwọn ẹbí ń jiyàn ibi tí wọ́n máa sin mí sí, bóyá Ilare ni àbí ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Èmi tí mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí mò ń pariwo!

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin míì ni wọ́n gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní àkókò tó yẹ kó jẹ́ tèmi. Mi ò bínú sí i, ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ wà nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí ààyè míì tó yọ fún mi. Kókó náà kò sinmi nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn. Nígbà tí dókítà fọwọ́ kan abẹ́ abíyá mi, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Mà, ó ti dé ibí. Ohun tí a máa gé máa pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Mo ní kí Fadá tẹ̀ lé mi lọ sílé ẹbí ọkọ mi ní Modakeke. Orí mi pá, mo kọ̀ láti wé gèlè. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi. Fadá sọ fún wọn pé òróró kì í dá ẹjọ́ ikú fún ẹnikẹ́ni, pé wọ́n tún lè fi yan èèyàn lẹ́ẹ̀kejì bí àìsàn bá le sí i, pé ìjọ wa kò sọ rí pé kí aláìsàn sá fún dókítà. Màmá Ṣẹ́gun dìde.

"Kí ẹ má dá mi lẹ́bi tán. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí Fadá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òkú ló ń tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Ibo ni kí n ti mọ̀?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwa ọmọ Àgùdà la fà á. Ìgbà tí aláìsàn ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, tí ojú rẹ̀ ti yí sókè, la tó ń sáré wá Fadá. A wá sọ òróró ìtura di àmì òkú, lójú tiwa àti lójú àwọn aládùúgbò. Lẹ́yìn náà a ó máa bínú pé wọn ò mọ ìgbàgbọ́ wa. Ta ló kọ́ wọn? Akọ̀wé bo ojú lọ́jọ́ náà, ó ń sunkún. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ kejì, òun ló kọ́kọ́ dé ọsibítù, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

Ọdún kẹta rèé. Irun mi ti hù padà, funfun ló hù. Apá ọ̀tún mi wú títí di òní, kò lè gòkè kọjá èjìká, mi ò lè kọ nǹkan sójú pátákó mọ́. Ẹnu ni mo fi ń kọ́ wọn. Màmá Ṣẹ́gun ṣì ń lọ sórí òkè wọn, ère mi sì ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. A ti jọ gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan nínú ìjọ wa tí irú àìsàn mi ń ṣe rí Fadá tí wọ́n ń bọ̀ wá sílé rẹ̀ lẹ́bàá Enuwa, ó sá gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Mo lọ bá a. Mo ṣí aṣọ mi, mo fi ojú àpá tó gùn dé abíyá mi hàn án. Mo ní, "Ṣé o rí èyí? Òróró kọ́ ló ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo pàdánù ló ṣe é." Ó gbà kí Fadá padà wá.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdúrà gba dókítà lọ́wọ́ yín, ẹ má sì jẹ́ kí dókítà gba àdúrà lọ́wọ́ yín. Kókó tí kò dunni ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba òróró, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn ará ilé yín jọ, kí ẹ ṣàlàyé fún wọn tí wọ́n á fi yé, àgàgà àwọn tí ẹ rò pé ó ti yé tẹ́lẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún rí nǹkan kékeré kan nínú ọyàn mi kejì. Dókítà ní òun máa yọ ọ́ lọ́jọ́bọ̀ yìí, kí n wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tó máa já sí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo ti bẹ Fadá kí wọ́n wá fi òróró yàn mí lọ́jọ́rú nílé, mo sì ti ránṣẹ́ pe gbogbo ẹbí ọkọ mi kí wọ́n dúró yí mi ká, kí wọ́n ṣe Àmín. Màmá Ṣẹ́gun pè mí lórí fóònù láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí làwọn máa mú wá.

Mo ní, "Ẹ mú Akọ̀wé wá. Kí ẹ bọ́ ọ yó dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́."